Oògùn algae fún pọ́ọ̀lù ilé: èyí tó yẹ kí ẹ náwó lé, àti èyí tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà

Ẹni tó bá dé ọjà kẹ́míkà ní Ojota, l'Ékòó, tó wí fún ọlọ́jà pé pọ́ọ̀lù ilé òun ti di aláwọ̀ ewé, ẹrù ni yóò gbé kúrò níbẹ̀: chlorine oníyẹ̀fun, chlorine oníkóóró, copper sulphate, álọ́ọ̀mù, ásíìdì, àti ìgò bíi méjì tí wọ́n kọ algaecide sí lára. Nínú gbogbo rẹ̀, chlorine nìkan ló ń pa algae (ohun abẹ̀mí tíntìntín tó máa ń hù nínú omi) tó ti gbilẹ̀, ìyẹn bó bá pọ̀ tó, tó sì dúró nínú omi fún àkókò tó yẹ. Àwọn tó kù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ọ̀kan tilẹ̀ wà nínú wọn tó ń ba pọ́ọ̀lù jẹ́ ju bí algae fúnra rẹ̀ ṣe ń bà á jẹ́ lọ, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Pọ́ọ̀lù tí a fi ṣe gbogbo ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 4, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.25 bí a bá pín ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn dọ́gba. Omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 50,000. Bí tiyín bá jẹ́ lítà 25,000, ẹ pín gbogbo òṣùwọ̀n sí méjì. Ohun tí wọ́n ń pè ní ppm, gíráàmù kan nínú lítà 1,000 omi ni. Nítorí náà, 1 ppm nínú pọ́ọ̀lù tiwa yìí jẹ́ 50 gíráàmù.

Ṣé algae ni lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo omi aláwọ̀ ewé ló ní algae nínú. Bí omi bá mọ́ gaara, tí ẹ ń rí ìsàlẹ̀ kedere, tó jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà, irin tàbí copper ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Omi borehole ní ọ̀pọ̀ ibi l'Ékòó máa ń ní irin nínú, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) kì í sì í sábà tó 7. Ẹ bu omi pọ́ọ̀lù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ da ìdérí ìgò bleach kan sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Tó bá pupa rúsúrúsú, irin ni. Tí àwọ̀ ewé bá ń ṣí, tí omi náà wá ń dà bí omi ògì, algae ni. Ìdánwò yìí kò náni ní nǹkan kan, àmọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn da odidi kílò chlorine sínú omi onírin, kí irin náà wá lẹ̀ mọ́ táìlì.

Algae fúnra rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Aláwọ̀ ewé, tó ń mú kí ara ògiri máa yọ̀, ló rọrùn jù láti pa. Aláwọ̀ yẹ́lò máa ń bà lé ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé: ẹ gbá a lónìí, ó lọ, ilẹ̀ mọ́, ó ti padà síbi tó wà. Ẹ̀kẹta ni èyí tó dúdú, tó máa ń wà ní tótòtó nínú sìmẹ́ǹtì àárín táìlì. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe algae gidi. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria ni, ó ní èèpo tó fi bo ara rẹ̀, ó sì ń ta gbòǹgbò sínú sìmẹ́ǹtì. Chlorine tó bá bá a láìjẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ti kọ́kọ́ fọ́ èèpo náà kò ní rí i gbé ṣe.

Chlorine oníyẹ̀fun: òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Calcium hypochlorite ni orúkọ rẹ̀ gan-an, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní HTH láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí. Ó máa ń wà ní 65% tàbí 70%. Láti gbé chlorine inú pọ́ọ̀lù wa sókè ní 12 ppm, 600 gíráàmù chlorine gidi la nílò, ìyẹn nǹkan bí 920 gíráàmù ti 65% tàbí 860 gíráàmù ti 70%. Ohun tó ń fi sílẹ̀ nínú omi ni calcium, bíi 8 ppm fún ìwọ̀n tí a sọ yìí. Níbi tí omi borehole bá ti rọ̀, àǹfààní nìyẹn, torí omi tí calcium rẹ̀ kéré jù á máa jẹ sìmẹ́ǹtì àárín táìlì. Níbi tí omi ti le, tí pH sì ga, calcium yìí lè mú kí omi ṣú, kó sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri ní funfun funfun.

Ẹ ra èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọn ò tíì ṣí, tó ní déètì lára. Èyí tí ọlọ́jà bù sínú ọ̀rá kò ní orúkọ, kò ní déètì, ọ̀rinrin sì ti lè wọ̀ ọ́, kí agbára rẹ̀ ti dín kù láìjẹ́ pé ojú mọ̀. Ewu tó tóbi jù ni pé ẹ ò mọ irú chlorine tó jẹ́. Bí ẹ bá ti rà á bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣíbí gbígbẹ bu ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ife omi. Calcium hypochlorite á yọ́, á sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tó bá yọ́ kíákíá tí omi sì mọ́ gaara, dichlor ni. Èyí tó bá rì sísàlẹ̀ tó kọ̀ tí kò yọ́, trichlor ni. Trichlor àti calcium hypochlorite kò gbọ́dọ̀ fojú kan ara wọn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, nínú ife kan náà tàbí nínú ohun èlò tí tábúlẹ́ẹ̀tì ń léfòó nínú rẹ̀; wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàù.

Chlorine oníkóóró: ohun tó ń sọ algae di alágídí

Trichlor ni tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá 200 gíráàmù yẹn, 90%. Ó rọrùn: ẹ jù ú sínú ohun tó ń léfòó, ẹ bá iṣẹ́ yín lọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ń fún pọ́ọ̀lù lítà 50,000 ní 3.6 ppm chlorine. Àmọ́ ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìwúwo tábúlẹ́ẹ̀tì náà tó jẹ́ stabilizer, ìyẹn cyanuric acid, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ń fi bíi 2.2 ppm stabilizer sílẹ̀. Chlorine á tán lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta, stabilizer kò ní lọ síbì kankan. Oòrùn kì í fà á lọ pẹ̀lú omi tó ń gbẹ. Àfi kí omi fúnra rẹ̀ jáde nígbà backwash (dída omi sẹ́yìn gba inú fílítà láti fọ̀ ọ́) tàbí nígbà tí òjò bá mú kí pọ́ọ̀lù kún àkúnwọ́sílẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì 50 láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ lè gbé e kọjá 100 ppm.

Kí ló burú níbẹ̀? Stabilizer ló ń bo chlorine mọ́lẹ̀ kí oòrùn má baà pa á. Láìsí i, chlorine lè dín kù sí ìdajì láàárín wákàtí kan péré lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi bò ó náà ló fi ń dì í mú. Bí stabilizer bá ṣe pọ̀ tó ni chlorine gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó tó lè pa ohunkóhun. Láti pa algae tó ti gbilẹ̀, chlorine gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 40% iye stabilizer. Bí stabilizer bá jẹ́ 30, 12 ppm ni. Bó bá jẹ́ 50, 20 ni. Bó bá ti di 100, ẹ nílò 40 ppm, ìyẹn kílò mẹ́ta ó lé ti calcium hypochlorite 65% lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì tún máa dá a padà sí iye yẹn bó ṣe ń dín kù. Ohun tó fà á nìyí tí onílé á fi máa ṣàròyé pé òun ń fi chlorine sí i lójoojúmọ́, àyẹ̀wò sì ń fi 3 ppm hàn, síbẹ̀ ògiri ń yọ̀. 3 ppm nínú omi tí stabilizer rẹ̀ jẹ́ 100 kò tilẹ̀ tó láti dènà algae, ká má tiẹ̀ sọ pé yóò pa á: lójoojúmọ́ kò yẹ kí chlorine já sí ìsàlẹ̀ 7.5% iye stabilizer.

Kò sí oògùn lọ́jà tó ń yọ stabilizer kúrò tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń ṣiṣẹ́. Omi lẹ ó pààrọ̀. Ẹ da ìdajì dànù, ẹ fi omi tuntun dí i, 100 á di 50. Ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá ní Lekki, Ajah àti àwọn ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, àgàgà lásìkò òjò. Omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti pọ́ọ̀lù tó ṣófo sókè, kí kọnkéré rẹ̀ la. Ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ló dára: ẹ dà á, ẹ dí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Dichlor, èyí tó yọ́ kíákíá, burú ju trichlor lọ fún iṣẹ́ yìí. 12 ppm rẹ̀, tó jẹ́ bíi 1,070 gíráàmù ti 56%, ń gbé bíi 11 ppm stabilizer wọlé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó jẹ́ 30 ti lé ní 60, iye chlorine tí ẹ sì ń lé ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń lé òjìji ara rẹ̀ ni ẹni tó ń fi dichlor pa algae. Trichlor ní tirẹ̀ wúlò bí ẹ bá ń rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí kò sí ẹni tó máa tọ́jú omi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àti iṣẹ́ algae dúdú tí a máa sọ nísàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Bleach olómi

Èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, tó sábà máa ń wà ní nǹkan bí 3.5%, chlorine gidi ni, kò sì ní calcium tàbí stabilizer. Ẹ ka ara ike. Pọ́ọ̀lù wa á gba lítà 17 láti gòkè ní 12 ppm, ẹrù ńlá nìyẹn, ooru ilé ìtajà sì ń dín agbára rẹ̀ kù yára ju ti oníyẹ̀fun lọ. Fún pọ́ọ̀lù kékeré, tàbí níbi tí omi ti le jù, ó dára gan-an. Èyí tó ní òórùn dídùn tàbí tó ki, ẹ má ra á.

Copper sulphate: ẹ fi sílẹ̀

Àwọn òkúta búlúù yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lábàá fún onílé, torí owó rẹ̀ kéré, àwọ̀ búlúù rẹ̀ sì ń mú kí omi dùn-ún wò fún ọjọ́ díẹ̀. Lóòótọ́, copper máa ń dí algae lọ́wọ́ láti dàgbà. Ṣùgbọ́n kì í pa èyí tó ti bo ògiri bọ̀rọ̀, ìwọ̀n tí omi sì lè gbà láìsí àbàwọ́n kéré: bíi 0.2 sí 0.3 ppm. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo copper sulphate ni copper, nítorí náà 50 gíráàmù péré ló ń gbé pọ́ọ̀lù wa dé 0.25 ppm. Agolo mílíkì kan tó kún lè tó nǹkan bí 200 gíráàmù, ìyẹn 1 ppm lójú ẹsẹ̀. Agolo kan kọ́ sì ni wọ́n máa ń dà sí i, wọn kì í sì í wọ̀n ọ́n.

Copper kì í gbẹ pẹ̀lú omi. Ó ń kó jọ títí di ọjọ́ tí pH bá ga tàbí tí ẹ bá da chlorine púpọ̀ sí i, ó wá já sílẹ̀ sí ara táìlì àti sìmẹ́ǹtì ní àwọ̀ ewé dúdú tàbí dúdú kirikiri. Àbàwọ́n yìí ni àwọn kan máa ń pè ní algae dúdú, wọ́n á wá tún ra copper sulphate sí i! Ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì Vitamin C kan tẹ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ṣí lójú ẹsẹ̀, àbàwọ́n irin ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí kò bá ṣí, tí búrọ́ọ̀ṣì irin pẹ̀lú chlorine kò sì rí i gbé ṣe, ó di copper. Àgbàlagbà onírun funfun tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè rí i kí irun òun di aláwọ̀ ewé.

Àwọn ìgò, àti álọ́ọ̀mù

Àkọlé iwájú ìgò algaecide kò ṣe pàtàkì. Ẹ̀yìn ni kí ẹ kà. Bó bá ní copper nínú, ohun tí a sọ lókè bá a wí. Bó bá jẹ́ benzalkonium chloride tàbí quaternary ammonium lásán, ó máa ń hó bí pọ́ǹpù bá ti ń da omi padà, hóhò náà a sì máa pẹ́ kó tó lọ. Polyquat 60 nìkan ló yẹ kí ẹ fi owó rà nínú wọn: kì í hó, kì í fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ìdènà ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìparun. Chlorine tó pọ̀ sì ń jẹ ẹ́ run, nítorí náà ẹni tó bá dà á pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì (chlorine púpọ̀ tí a fi ń pa algae) ti da owó sómi. Ẹ dúró kí chlorine ti sọ̀ kalẹ̀ sí iye ojoojúmọ́, kí ẹ tó lò ó ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Onílé tó ń rìnrìn àjò nígbà òjò ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀ jù.

Oògùn tó ń yọ phosphate kúrò ni wọ́n ń polówó gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó ń fi ebi pa algae. Ó ń yọ phosphate lóòótọ́, ó sì ń mú kí omi ṣú, kí fílítà sì dí. Bí chlorine bá pé bó ṣe yẹ, algae á kú, phosphate ì báà pọ̀ bí ọyẹ́ àti eruku rẹ̀ ṣe lè mú un wá tó.

Álọ́ọ̀mù kì í pa algae. Òkú algae ló ń kó jọ tí ó ń fà wá sílẹ̀. Lẹ́yìn tí chlorine bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ tí omi ṣì funfun, kílò kan sí kílò méjì, tí ẹ ti pò nínú omi, lẹ ó fọ́n ká gbogbo ojú pọ́ọ̀lù wa. pH gbọ́dọ̀ sún mọ́ 7.2, álọ́ọ̀mù á tún fà á sílẹ̀ sí i. Pọ́ǹpù yóò rìn fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ ó sì pa á. Ilẹ̀ á mọ́ kí ẹ tó bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà nísàlẹ̀. Ẹ fà á jáde sí ìta, kí ọwọ́ fáàfù wà ní waste. Bí ẹ bá fà á gba inú fílítà oníyanrìn, yanrìn náà á dí, tàbí kí ó gba àárín yanrìn kọjá padà sínú pọ́ọ̀lù, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fa ṣíṣú omi náà mọ́.

Ohun èlò àyẹ̀wò

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àpótí kékeré onígò méjì, tí omi inú rẹ̀ ń di yẹ́lò fún chlorine, tí èkejì ń di pupa fún pH. Ó tó fún ojoojúmọ́. Fún algae alágídí kò tó: iye tó ń kà kì í sábà kọjá 5 ppm, kì í sì í fi ìyàtọ̀ sáàárín chlorine tó ṣì lágbára àti èyí tó ti lò tán. Onítábúlẹ́ẹ̀tì DPD sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ bí chlorine bá pọ̀ jù, àwọ̀ pupa rẹ̀ á ṣí kúrò, á wá dà bí ẹni pé kò sí chlorine rárá. Ẹni tí kò bá mọ èyí á tún da kílò mìíràn sí i. Ẹ fi omi inú ike tí wọ́n ń tà fún mímu là á: ìwọ̀n omi pọ́ọ̀lù kan, ìwọ̀n omi mímu mẹ́ta, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá kà di ìlọ́po mẹ́rin.

Èyí tí a gbà yín níyànjú láti rà ni FAS-DPD, oníkíkán, bíi ti Taylor K-2006. Ẹ ó máa ka ẹ̀kán títí àwọ̀ pupa á fi lọ. Nínú omi mílílítà 10, ẹ̀kán kan jẹ́ 0.5 ppm. Ó ní ti stabilizer pẹ̀lú: omi á máa ṣú títí àmì dúdú ìsàlẹ̀ túùbù kò fi ní hàn mọ́. Inú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán níta ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ fi àwọ̀n kó ewé àti pàǹtí jáde. Ẹ wọn pH kí ẹ tó fi chlorine sí i rárá, torí bí chlorine bá ti kọjá 10 ppm, oògùn pH á máa purọ́, á di àwọ̀ àlùkò. Bí pH bá ju 7.5 lọ, ẹ fi ásíìdì hydrochloric fà á sílẹ̀ sí 7.2: ìdajì lítà ti 31% lẹ́ẹ̀kan, kí pọ́ǹpù rìn fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ásíìdì àti chlorine kì í wọ inú omi nígbà kan náà tàbí láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà; gáàsì tó máa jáde lè pa ènìyàn. Ẹ tún wo iye stabilizer. Bó bá lé ní 80, ẹ pààrọ̀ omi ná.

Nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ tan pọ́ǹpù. Omi lẹ ó kọ́kọ́ bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fọ́n calcium hypochlorite sí i, kó má ju bíi 200 gíráàmù nínú lítà 10 lọ. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí. Ẹ fi igi rò ó, kó rọlẹ̀, kí ẹ da omi tó wà lókè síwájú ihò tí omi ń gbà padà wọlé, kí ẹ sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí gbogbo ìwọ̀n náà á fi wọlé.

Búrọ́ọ̀ṣì ló kàn, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń yẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ògiri, gbogbo ilẹ̀, ẹ̀yìn àkàsọ̀, ẹnu skimmer (ihò tó ń fa pàǹtí ojú omi), etí gílóòbù abẹ́ omi. Ẹ tú àkàsọ̀ kúrò bó bá ṣeé tú. Algae yẹ́lò tó ń padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, inú ihò àkàsọ̀ tàbí ẹ̀yìn gílóòbù ló sábà máa ń farapamọ́ sí. Ẹ kó àwọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì àti àwọn ohun ìṣeré ọmọdé sínú omi náà kí chlorine lè fọ̀ wọ́n. Fún yẹ́lò, ẹ gbé chlorine gòkè sí bíi 60% iye stabilizer fún ọjọ́ kan ní ìparí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọn chlorine ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì dá a padà sí 12 ppm, bí stabilizer bá jẹ́ 30. Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹni tó da ìwọ̀n kan sí i lálẹ́ Sátidé tó wá padà lọ́jọ́ Ajé, algae ti jẹ chlorine náà tán kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, èyí tó kù láàyè sì ti ń pọ̀ sí i. Bí iná ò bá sí, ẹ má tìtorí pé pọ́ǹpù kò rìn kí ẹ dáwọ́ dúró: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ru omi, chlorine ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí iná bá dé tàbí tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ ni fílítà á kó òkú wọn. Bí géèjì bá fi 8 sí 10 psi ju bó ṣe máa ń wà nígbà tí fílítà mọ́ lọ, ẹ ṣe backwash títí omi inú gíláàsì á fi mọ́, kí ẹ sì ṣe rinse fún bí ìṣẹ́jú kan. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ kú kí ẹ tó yí ọwọ́ fáàfù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ rọ́bà inú rẹ̀ á já. Yanrìn tó ti lé ní ọdún márùn-ún, tó ti ń dì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí chlorine tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ìgbà wo ló parí? Ẹ wọn chlorine lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n kí oòrùn tó yọ. Bí ohun tó dín kù kò bá ju 1 ppm lọ, tí chlorine tó ti lò tán kò ju 0.5 lọ, tí omi sì mọ́ gaara, ó ti parí. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá pé, ẹ máa bá a lọ. Omi tó dára lójú nìkan kò tó.

Fún èyí tó dúdú, búrọ́ọ̀ṣì onírin tí kì í dípẹtà lẹ nílò, lórí sìmẹ́ǹtì nìkan. Kò yẹ kó kan pọ́ọ̀lù onírọ́bà tàbí fiberglass, ẹ sì ṣọ́ra kó má ha ojú táìlì tó ń dán. Ẹ fọ́ èèpo rẹ̀, kí ẹ wá fi tábúlẹ́ẹ̀tì trichlor kan, tí ẹ dì mú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ra ojú ibẹ̀ lábẹ́ omi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí trichlor ń ṣe ju gbogbo àwọn yòókù lọ nìyí. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ títí àmì dúdú á fi tán pátápátá. Níbi tí sìmẹ́ǹtì bá ti jẹ, tó ní ihò, ó máa padà àfi bí ẹ bá tún sìmẹ́ǹtì náà ṣe.

Bí ẹ bá ní kí ẹlòmíì ṣe é

Ẹ wo ohun tó kó wá. Ẹni tó bá dé láìsí ohun èlò àyẹ̀wò, tó kàn wo omi tó sì dárúkọ iye kẹ́míkà tí ẹ ó rà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ bi í ní iye stabilizer inú omi yín. Bí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, algae yín á padà. Ẹ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé copper kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi náà, kí ó sì kọ pH, chlorine àti stabilizer sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wá.

Ní ti ibi tí ẹ ó kó ẹrù sí: chlorine kì í gbé yàrá jẹnẹrétọ̀. Calcium hypochlorite tí epo petirólù, dísẹ́lì tàbí ọ́ìlì bá kàn lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e sókè lórí pákó níbi tó gbẹ, tí atẹ́gùn ń gbà, kí trichlor wà ní yàrá tirẹ̀, kí ásíìdì sì wà níta lábẹ́ ìbòòji, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó o.